Pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù Nínú Láàbù Físíìsì Ọdún Kìíní: Bí Ẹ Ṣe Máa Wọn g ní Ilésà Tí Máàkì Kò Ní Bọ́

Nínú àwọn practical tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní máa ń ṣe, pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù ló jọ pé ó rọrùn jù, òun náà ló sì ń jẹ máàkì lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀. Òwú kan, bọ́ọ̀lù irin kan, stopwatch kan, kí ló tún kù? Síbẹ̀, ìwé á padà dé pẹ̀lú máàkì tí kò tó ìdajì, bẹ́ẹ̀ ẹni tó kọ ọ́ rí g, ìyẹn ìwọ̀n bí òòfà ilẹ̀ ṣe ń mú ohun tó ń já bọ́ yára sí i, tó jẹ́ 9.81 gẹ́lẹ́. Olùkọ́ kì í fún èèyàn ní máàkì nítorí 9.81. Ohun tó ń wò ni bí ẹ ṣe wọn gígùn òwú, bí ẹ ṣe ka àkókò, bí ẹ ṣe kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, àti bóyá ẹ mọ ibi tí àṣìṣe ti lè wọlé. Nọ́ńbà tó dára tí kò ní àkọsílẹ̀ lẹ́yìn, ìfura ló ń fà.

Ẹni tó ń ṣe PHY 107, kọ́ọ̀sì practical físíìsì, ní Yunifásítì Ilésà la kọ èyí fún, àti ẹni tó wà ní yunifásítì kékeré mìíràn tó jẹ́ ti ìjọba, tí ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún ti lè máa pín retort stand (ọ̀pá irin tí a fi ń gbé ohun èlò rọ̀) kan lò. Nínú ètò-ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì ní Nàìjíríà, gbé kalẹ̀, PHY 107 dá dúró bíi kọ́ọ̀sì tirẹ̀. Máàkì PHY 101, tó jẹ́ ti tíọ́rì, kò lè gbà á sílẹ̀. Ẹni tó bá fìdí rẹmi níbẹ̀ á gbé e ní carry-over, bó tilẹ̀ jẹ́ yúnìtì kan ṣoṣo.

Nọ́ńbà tó yẹ kí ẹ máa retí

g ní Ilésà kì í ṣe 9.81. Ìwé tí wọ́n kọ ní Yúróòpù ló ń lo 9.81, nítorí ibẹ̀ jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì. Ayé kò rí róbótó tán: àárín rẹ̀ yọ síta díẹ̀, ó sì ń yí. Nítorí méjèèjì yìí, òòfà ilẹ̀ rọ jù lórí ìlà náà, níbi tó ti jẹ́ nǹkan bíi 9.78 m/s², ó sì le jù ní ìpẹ̀kun àríwá àti gúúsù, níbi tó ti tó 9.83. Ilésà wà ní nǹkan bíi dígírì méje ààbọ̀ sí àríwá ìlà náà, ilẹ̀ rẹ̀ sì fi ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan ga ju òkun lọ. Tí a bá ṣírò méjèèjì pọ̀, 9.78 m/s² ló ń jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ilé-Ifẹ̀. Nọ́ńbà 10 tí ẹ lò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama wà fún kí ìṣirò lè yá ni. Ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀.

Ẹni tó bá rí 9.76 tàbí 9.83 nínú láàbù Ilésà ti ṣe dáadáa. Ẹni tó bá rí 9.81 tó sì kọ ọ́ pé “èyí bá ti ìwé mu” fi hàn pé òun kò mọ ibi tí òun dúró sí.

Ohun tí ẹ nílò

Láti láàbù:

- Retort stand tí ìdí rẹ̀ wúwo, pẹ̀lú clamp. Bí ìdí rẹ̀ bá fúyẹ́, ẹ wá òkúta tàbí irin òṣùwọ̀n gbé lé e.
- Pákó pẹlẹbẹ kéékèèké méjì, tàbí kọ́ọ̀kì kan tí a là sí méjì, láti fi di òwú mú.
- Bọ́ọ̀lù irin kékeré tí mánúà ń pè ní bob, tí ìbú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Ẹ má gba ti igi tàbí ti rọ́bà. Afẹ́fẹ́ á tètè dá a dúró.
- Rúlà onímítà kan, àti vernier (ohun èlò tí a fi ń wọn ìbú ohun kékeré) bó bá wà.
- Stopwatch. Bí olùkọ́ bá gbà kí ẹ lo fóònù, ẹ tan flight mode kí ìpè má bàa já iṣẹ́ yín gbà.

Láti ọwọ́ ẹ̀yin fúnra yín:

- Òwú tó gùn tó 1.3 m. Èyí tó nípọn tí télọ̀ fi ń rán jíǹsì ló dára jù, ẹ ó rí i rà ní ọjà Atakúmọ́sà. Òwú tó ń fà bíi rọ́bà kò wúlò, gígùn rẹ̀ kì í dúró sójú kan.
- Ìwé àkọsílẹ̀ tó le lẹ́yìn, bírò, pẹ́ńsù HB tí ẹ gbẹ́ ẹnu rẹ̀ dáadáa, rúlà 30 cm tí a lè rí òdìkejì rẹ̀, pépà gíráàfù méjì, calculator.
- Pépà funfun kan tí ẹ fa ìlà dúdú kan sí ní òòró.

Ìgbésẹ̀ 1: Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú

Ẹ ya tábìlì sínú ìwé kí ẹ tó kúrò nílé. Òpó mẹ́fà ni: L/m, t₁/s, t₂/s, t/s, T/s, T²/s². L ni gígùn. t₁ àti t₂ ni àkókò ìlọbọ̀ 20 ní ẹ̀ẹ̀mejì. t kékeré ni àròpọ̀ méjèèjì tí a fi méjì pín. T ńlá ni t tí a fi 20 pín. Ìlọbọ̀ kan túmọ̀ sí pé bọ́ọ̀lù lọ, ó bọ̀, ó sì tún gba ojú ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ kọjá ní ọ̀nà kan náà.

Ẹ kọ gígùn méje sílẹ̀: 1.00, 0.90, 0.80, 0.70, 0.60, 0.50, 0.40. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ ju 0.40 lọ. Òwú kúkúrú ń yára jù, àṣìṣe mìlímítà méjì tí kò já mọ́ nǹkan kan lórí mítà kan á sì di ńlá lórí 0.10 m.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò ohun tó yẹ kí ẹ rí. Fún Ilésà, T jẹ́ 2.01 tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú square root L. Nítorí náà, ìlọbọ̀ 20 á gba nǹkan bíi:

- 1.00 m: 40.2 s
- 0.80 m: 35.9 s
- 0.60 m: 31.1 s
- 0.40 m: 25.4 s

Ẹ kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ẹ̀yìn ìwé. Wọ́n wà fún kí ẹ lè tètè mọ̀ bí nǹkan bá ń lọ ségesège nígbà tí ohun èlò ṣì wà níwájú yín. Ẹ kò gbọdọ̀ da wọ́n kọ sínú tábìlì. Olùkọ́ tó ti máàkì ìwé yìí fún ọdún pípẹ́ mọ ìwé tí wọ́n sè: gbogbo ojú-àmì á tò sórí ìlà láìyà kúrò rárá, t₁ àti t₂ á sì bára mu dé ìdá ọgọ́rùn-ún. Ọwọ́ ènìyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun mìíràn tó yẹ kí ẹ mọ̀ bí ẹ bá ń pín ohun èlò: gbogbo àkókò tí bọ́ọ̀lù máa fi fì fún gígùn méje, ní ẹ̀ẹ̀mejì-ẹ̀ẹ̀mejì, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ìtò àti ìwọ̀n ló ń jẹ àkókò. Ẹgbẹ́ tó bá dé pẹ̀lú tábìlì tó ti wà nílẹ̀ lè parí láàárín wákàtí kan, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ stopwatch.

*Àyẹ̀wò:* bí ẹnì kan bá jí yín lóru tó bi yín pé kí lẹ máa wọ̀n, kí lẹ máa yí padà, kí lẹ máa yà sórí gíráàfù, ṣé ẹ lè dáhùn láìwo mánúà? Bí ẹ kò bá lè dáhùn, ẹ tún un kà.

Ìgbésẹ̀ 2: Títo ohun èlò

Ẹ di òwú mọ́ àárín pákó méjèèjì, kí clamp há wọn mọ́ra pinpin. Ẹ má so òwú yí ọ̀pá irin ká. Òwú tí a so yí ọ̀pá ká máa ń yí díẹ̀ lára rẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń fì, ibi tó ti ń fì kì í dúró sójú kan, gígùn tí ẹ kọ sílẹ̀ kò sì ní jẹ́ gígùn tó ń fì ní ti gidi.

Ẹ gbé ìdí stand sí etí tábìlì kí bọ́ọ̀lù lè rọ̀ sísàlẹ̀ tábìlì, kó má kan ohunkóhun. Ẹ pa fáànù. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ ti fèrèsé tó wà lápá ibi tí ìjì ń gbà wọlé.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fa bọ́ọ̀lù sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí ẹ wo orí òwú. Ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ ní etí ìsàlẹ̀ pákó gan-an, kò gbọdọ̀ tẹ̀ sínú àárín pákó. Ẹ jẹ́ kó fì, kí ẹ fọwọ́ kan ọ̀pá stand. Bí ẹ bá gbọ́ ọ tó ń mì lábẹ́ ọwọ́, ìdí rẹ̀ kò wúwo tó.

Ìgbésẹ̀ 3: Wíwọn gígùn

Láti etí ìsàlẹ̀ pákó dé àárín bọ́ọ̀lù ni L. Kì í ṣe dé orí bọ́ọ̀lù, kì í ṣe dé ìdí rẹ̀. Ẹ fi vernier wọn ìbú bọ́ọ̀lù, kí ẹ fi méjì pín in. Ẹ wọn òwú dé orí bọ́ọ̀lù, kí ẹ wá ro ìdajì ìbú náà mọ́ ọn. Bí vernier kò bá sí, ẹ fi bọ́ọ̀lù sáàárín pákó onígun méjì lórí rúlà, kí ẹ ka àlàfo àárín wọn.

Bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ máa rọ̀ lára òwú nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n, torí pé ìwúwo rẹ̀ ń na òwú. Ẹni tó tẹ́ òwú sórí tábìlì wọ̀n ti sọ mìlímítà mélòó kan nù. Kí ojú yín wà ní ọ̀gangan ibi tí ẹ ń kà, kò gbọdọ̀ ga jù, kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ jù.

Ẹ wo orí rúlà onímítà yín dáadáa. Èyí tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ti lò, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ máa ń jẹ. Fún òwú kúkúrú, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 5.0 cm kí ẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn náà. Fún mítà kan, ẹ lo téèpù irin irú èyí tí káfíńtà ń lò. Téèpù aṣọ ti télọ̀ ń fà, kò ṣe é gbọ́kàn lé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí 1.00 m, kí ẹ máa fa òwú sókè gba àárín pákó fún èyí tó kàn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí kúkúrú á wá rí i pé òwú òun kò tó mọ́.

Níbí la ti fẹ́ kí ẹ gba ọ̀rọ̀ wa: ẹ má lo ogún ìṣẹ́jú láti wá 1.000 gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá wọ̀n tó jẹ́ 0.987, ẹ kọ 0.987. Gíráàfù kò bìkítà bóyá nọ́ńbà náà gún régé. Irọ́ nìkan ló ń bà á jẹ́, bíi kí ẹ kọ 1.00 sórí òwú tó jẹ́ 0.987.

*Àyẹ̀wò:* kí ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ yín wọ̀n ọ́n láìgbọ́ tiyín. Bí ìyàtọ̀ bá ju mìlímítà méjì lọ, ẹ jọ tún un wọ̀n.

Ìgbésẹ̀ 4: Kíka àkókò

Ibí ni máàkì ti ń bọ́ jù, nítorí náà ẹ farabalẹ̀.

Ẹ gbé pépà onílà dúdú sẹ́yìn òwú kí ìlà náà bá òwú mu nígbà tí bọ́ọ̀lù dúró jẹ́ẹ́. Ojú àmì yìí ni ẹ máa fi kà. Ọ̀pọ̀ máa ń kà níbi tí bọ́ọ̀lù ti dé òpin kó tó padà, torí wọ́n rò pé ibẹ̀ ló ṣe kedere. Bọ́ọ̀lù ń lọ́ra níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, ẹ kò sì lè mọ ìgbà tó dé òpin gan-an. Ní àárín ló ti ń sáré jù, ibẹ̀ ni ojú ti lè mú ìgbà tó kọjá dáadáa.

Ẹ fa bọ́ọ̀lù sẹ́gbẹ̀ẹ́: nǹkan bíi 8 cm fún òwú mítà kan, 3.5 cm fún òwú 0.40 m. Ìyẹn á fún yín ní igun bíi dígírì márùn-ún. Fọ́múlà tí ẹ ń lò gbà pé igun kéré ni. Ní dígírì 10, T fi ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún gùn sí i, kò tíì burú; ní dígírì 30, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, g yín á sì fi nǹkan bíi ìdá mẹ́ta ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀. Ẹni tó fa bọ́ọ̀lù gidigidi kó lè fì pẹ́ ti ba iṣẹ́ jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ẹ má tì í. Ẹ jẹ́ kó lọ bọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ wò ó láti òkè: bó bá ń yí òbìrí dípò kó máa lọ lórí ìlà kan, ẹ dá a dúró, kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀.

Nísinsìnyí, kíkà. Bí bọ́ọ̀lù ṣe ń gba ojú àmì kọjá láti òsì sí ọ̀tún, ẹ kà sẹ́yìn sókè ketekete: “ẹ̀ta, èjì, ení, òdo.” Lórí “òdo” ni ẹ tẹ stopwatch. Ìgbà tó tún gba láti òsì sí ọ̀tún ni “ení”, èyí tó tẹ̀lé e ni “èjì”, títí dé ogún, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ dúró lórí ogún. Ẹni tó ń kà ni kó máa tẹ̀ ẹ́, ẹnì kan náà sì ni kó ṣe ìlà kan parí. Bí ẹnì kan bá ń kà tí ẹlòmíràn ń tẹ̀, ẹ ti fi ìdúró etí kún ìdúró ọwọ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn tẹ stopwatch lórí “ení”. Ìlọbọ̀ 19 ni ó kà, ṣùgbọ́n 20 ló fi pín. g rẹ̀ á jáde ní nǹkan bíi 10.8. Ẹni tó bá ṣèèṣì ka 21 á rí nǹkan bíi 8.9. Ẹni tó bá ka gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù gba ojú àmì, lọ àti bọ̀, á rí ìdajì T, g rẹ̀ á sì fò dé nǹkan bíi 39.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 20? Ọwọ́ ènìyàn máa ń pẹ́ lẹ́yìn ojú bíi ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn 0.2 s. Bí ẹ bá ka ìlọbọ̀ kan ṣoṣo tó gba 2 s, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni 0.2 yẹn. Bí ẹ bá ka 20 tó gba 40 s, 0.2 kan náà á di ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí olùkọ́ bá bi yín ní ìbéèrè yìí lójú tábìlì, ìṣirò yìí ni ìdáhùn. “Kó lè péye” nìkan kò tó.

*Àyẹ̀wò:* t₁ àti t₂ kò gbọdọ̀ fi ju 0.3 s yàtọ̀ síra. Bí wọ́n bá jìnnà síra tó bíi 1.3 s sí 2 s, ìlọbọ̀ kan ló bọ́ tàbí tó lé. Ẹ kà á nígbà kẹta. Ẹ tún wo ẹ̀yìn ìwé: bí 1.00 m kò bá sún mọ́ 40.2 s, ẹ má tíì lọ sí gígùn tó kàn.

Ìgbésẹ̀ 5: Àkọsílẹ̀

Bírò ni ẹ máa fi kọ ohun tí ẹ kà, tààrà sínú ìwé àkọsílẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ sórí àtẹ́lẹwọ́ tàbí pépà jálajàla pé ẹ ó dà á kọ nílé. Nọ́ńbà tó burú, ẹ fa ìlà kan ṣoṣo là á kọjá kó ṣì ṣe é kà, kí ẹ kọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́: “kíkà sọnù”. Bí òṣómàáló ayé àtijọ́, oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń tajà láwìn, kì í ṣe fi gbèsè kan sílẹ̀ láìkà á, bẹ́ẹ̀ ni kí ìwé yín má ṣe pàdánù nọ́ńbà kan.

Stopwatch á fi 40.18 hàn yín, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ 40.2, àfi bí mánúà bá ní kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí òpó kan ní iye ẹsẹ dẹ́símà kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. 0.4 ní ìlà kan, 0.50 ní ìkejì, máàkì ti lọ.

Àpẹẹrẹ tábìlì tó dúró dáadáa nìyí:

| L/m | t₁/s | t₂/s | t/s | T/s | T²/s² |
|---|---|---|---|---|---|
| 1.00 | 40.2 | 40.1 | 40.15 | 2.008 | 4.03 |
| 0.90 | 38.1 | 38.2 | 38.15 | 1.908 | 3.64 |
| 0.80 | 35.9 | 36.0 | 35.95 | 1.798 | 3.23 |
| 0.70 | 33.6 | 33.7 | 33.65 | 1.683 | 2.83 |
| 0.60 | 31.1 | 31.2 | 31.15 | 1.558 | 2.43 |
| 0.50 | 28.4 | 28.5 | 28.45 | 1.423 | 2.02 |
| 0.40 | 25.4 | 25.5 | 25.45 | 1.273 | 1.62 |

*Àyẹ̀wò:* bí L ṣe ń fi 0.10 dínkù, T² gbọ́dọ̀ máa fi nǹkan bíi 0.40 dínkù. Ẹ wo òpó tó kẹ́yìn lókè yìí. Bí ìlà kan bá fo 0.60 tàbí 0.25, ẹ padà sí gígùn yẹn kí wọ́n tó gba stand lọ́wọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ 6: Gíráàfù

T² lọ sí òòró, L lọ sí ìbú. Bí pépà yín bá jẹ́ 18 cm sí 24 cm, ẹ yí i kí apá gígùn wà nílẹ̀. 2 cm fún 0.10 m ní ìbú, 2 cm fún 0.50 s² ní òòró. Ẹ má lo 3 cm fún ohunkóhun, ẹ ó ka ojú-àmì títí tí orí yóò fi fọ́ yín. Òdo ni kí méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀.

Àmì × kékeré ni kí ẹ lò, pẹ̀lú pẹ́ńsù tó mú. Ẹ gbé rúlà tí a lè rí òdìkejì rẹ̀ lé e, kí ẹ fa ìlà kan ṣoṣo tí àwọn àmì á pín sí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ má fa ìlà láti àmì dé àmì, ẹ má sì fi agbára mú ìlà gba òdo kọjá.

Ìlà yín lè má gba òdo, ó sì lè jẹ́ pé nǹkan kan ló ń sọ fún yín. Bó bá gé òòró ní òkè òdo, ní nǹkan bíi 0.04 s², ó jọ pé orí bọ́ọ̀lù ni ẹ wọ̀n dé, ẹ sì gbàgbé ìdajì ìbú rẹ̀ tó jẹ́ 1 cm. Bó bá gé e nísàlẹ̀ òdo, bóyá ìdí bọ́ọ̀lù ni ẹ wọ̀n dé. Ohun tó dùn mọ́ni níbẹ̀ ni pé slope, ìyẹn bí ìlà ṣe dà gẹ̀rẹ̀ tó, kò yí padà, torí gbogbo gígùn ló fi iye kan náà ṣì. Ìdí nìyí tí a fi ń ya gíráàfù dípò ká fi ìlà tábìlì kọ̀ọ̀kan wá g. Ẹ kọ èyí sínú ìjíròrò yín bó bá ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ á mọ̀ pé ẹ lóye iṣẹ́ náà.

*Àyẹ̀wò:* ẹ gbé pépà sókè ní ọ̀gangan ojú, kí ẹ wo ìlà bí ẹni ń wo ẹnu ọ̀bẹ. Bí àwọn àmì bá tẹ̀ sí apá kan, kò ní ṣàì hàn.

Ìgbésẹ̀ 7: Slope, g, àti àṣìṣe

Ẹ mú ojú méjì lórí ìlà, kì í ṣe láti inú tábìlì, kí wọ́n jìnnà síra ju ìdajì ìlà lọ. Nínú àpẹẹrẹ wa: (0.45, 1.82) àti (0.95, 3.83).

Slope = (3.83 − 1.82) ÷ (0.95 − 0.45) = 2.01 ÷ 0.50 = 4.02 s²/m

T² = (4π²/g)L, nítorí náà g = 4π² ÷ slope = 39.48 ÷ 4.02 = 9.82 m/s².

Ẹ má tíì gbé bírò sílẹ̀. Ẹ fa ìlà tí slope rẹ̀ ga jù tí àwọn àmì ṣì lè gbà, àti èyí tí slope rẹ̀ kéré jù. Ká ní slope wọn jẹ́ 4.07 àti 3.97: ìdajì ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.05. 0.05 ÷ 4.02 jẹ́ ìdá kan àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún; lórí g, ìyẹn jẹ́ 0.12. Ẹ ó wá kọ pé g = (9.8 ± 0.1) m/s². Iye Ilésà, 9.78, wà nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ 9.8208 láìsí ± kankan kò tíì parí.

Bí g bá jáde lọ́nà òdì, ẹ wo ibi tó ti ṣẹ̀ kí ẹ tó dẹ́bi fún afẹ́fẹ́:

- Nǹkan bíi 10.8: ìlọbọ̀ 19 ni ẹ kà.
- Nǹkan bíi 8.9: 21 ni.
- Nǹkan bíi 39: ìdajì ìlọbọ̀ ni ẹ ń kà.
- 9.4 sí 9.5: igun ti tóbi jù, tàbí ìdí stand ń mì.
- Nọ́ńbà bíi 0.098 tàbí 980: sẹ̀ǹtímítà àti mítà ti dàrú mọ́ra.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ ìjábọ̀ máa ń dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ lórí bọ́ọ̀lù irin tó ń fì fún 40 s péré, ipa rẹ̀ kéré gan-an sí ti ọwọ́ tó tẹ stopwatch.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìjábọ̀

Ète iṣẹ́, ohun èlò, bí ẹ ṣe ṣe é, tábìlì, gíráàfù, ìṣirò, ìjíròrò, àbájáde: bí mánúà bá ní ètò mìíràn, tiwọn ni kí ẹ tẹ̀lé. Ohun tí ẹ ṣe ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ohun tí mánúà pàṣẹ. Níbi ìṣọ́ra, “a yẹra fún àṣìṣe ojú” kò sọ nǹkan kan. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “a gbé ojú sí ọ̀gangan àárín bọ́ọ̀lù kí a tó ka rúlà, a pa fáànù, a jẹ́ kí bọ́ọ̀lù lọ bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.”

Ẹgbẹ́ lè jọ ní nọ́ńbà kan náà nínú tábìlì, ìyẹn kò burú. Gíráàfù, slope àti ìjíròrò gbọ́dọ̀ jẹ́ tẹnì kọ̀ọ̀kan. Láàárín ẹgbẹ́ tí kò pọ̀, tí olùkọ́ ti mọ orúkọ gbogbo yín, ìwé méjì tó ní ojú slope kan náà kò ṣe é fi pamọ́.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fún ọ̀rẹ́ tó ń ka kẹ́mísìrì ní ìwé náà. Bó bá lè tún iṣẹ́ náà ṣe láìbi yín ní ìbéèrè, ó ti tó fi sílẹ̀.

Bí àkókò láàbù kò bá tó

Ẹ lè fi ọwọ́ yín mọ́ ọn ní yàrá. Ẹ di òwú mọ́ àárín rúlà igi méjì, kí ẹ fi rọ́bà so wọ́n pinpin. Ẹ jẹ́ kí orí wọn yọ jáde láti orí wọ́dúróòbù, kí ẹ gbé ìwé tó wúwo lé ẹ̀yìn wọn. Àgádágodo ni kí ẹ fi ṣe bọ́ọ̀lù. Ẹ wọn òwú láti etí ìsàlẹ̀ rúlà dé ojú ìdè òwú lára àgádágodo, ní gígùn márùn-ún láàárín 0.50 m sí 1.20 m, kí ẹ ka ìlọbọ̀ 20 pẹ̀lú fóònù.

Ẹ kò mọ ibi tí àárín ìwúwo àgádágodo wà, kò sì pọn dandan. Ìlà yín á gé òòró ní òkè òdo, bóyá ní 0.1 s² tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n slope á ṣì wà níbi tó yẹ. Bó bá bọ́ sáàárín 3.9 sí 4.2, ọwọ́ yín ti ń mọ́. Bó bá jìnnà sí ìyẹn, ẹ lọ bá technologist láàbù ní ọjọ́ tí kò sí kíláàsì, kí ẹ kí wọn, kí ẹ gbé tábìlì yín fún wọn, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wo bí ẹ ṣe ń kà. Ìṣẹ́jú márùn-ún lójú wọn á tètè fi àṣìṣe ọwọ́ yín hàn ju wákàtí mẹ́ta pẹ̀lú mánúà lọ.